Ṣé o mọ̀? Omíyalé Èkó yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn

• Èkó: Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì wà létí òkun. Bí òjò ńlá bá bá òkun níbi tó ti kún, omi gọ́tà kì í ríbi gbà lọ. Ìdí nìyí tí omi fi máa ń dúró pẹ́ ní Lẹ́kí àti Victoria Island.

• Ìbàdàn: Ìlú olókè ni. Òjò á sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọnú odò bíi Ògùnpa àti Kúdẹtì, odò á sì kún láàárín àsìkò díẹ̀. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya wọ ìgboro, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn pa ju 100 ènìyàn lọ, ó tún wó afárá.

• Ewu tí Ìbàdàn kò ní: Òkun ń jẹ etí ilẹ̀ Èkó. Ó jẹ etíkun Bar Beach títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi òkúta ńlá síwájú ìlú tuntun Eko Atlantic.



• Rántí: Àgbàrá tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ. Bí o bá bá a lójú ọ̀nà, ṣẹ́rí padà.