Yàrá Ọ̀tọ̀ Nínú Agbo Ilé Kan: Ọ̀rọ̀ lórí AppDomain

Bí ìdílé mẹ́rin bá ń gbé inú agbo ilé kan, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní yàrá tirẹ̀; kò sì sí ẹni tí í ṣàdédé wọ yàrá ẹlòmíràn lọ gbé ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú .NET Framework, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní ọdún 2002 fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Àyè tí kọ̀ǹpútà yà sọ́tọ̀ fún ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni agbo ilé; AppDomain ni yàrá.

Ìwúlò rẹ̀ hàn kedere lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojúlé mẹ́wàá lè wà nínú agbo ilé kan. Bí olùtọ́jú ọ̀kan bá ṣàtúnṣe sí fáìlì web.config tirẹ̀, yàrá tirẹ̀ nìkan ni ASP.NET yóò tì, tí yóò sì tún ṣí. Iṣẹ́ àwọn yòókù kò ní dúró.

Ìgbà tí a bá fẹ́ ṣí yàrá tuntun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọsẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe ni kíkọ ìlànà yàrá náà sínú AppDomainSetup: àpò tí yóò ti máa wá fáìlì rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ ApplicationBase, àti fáìlì ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Láti ọdún 2005, nígbà tí ẹ̀dà 2.0 jáde, ó tún ṣeé ṣe láti fi AppDomainInitializer sọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yàrá náà yóò ṣe bí ó bá ti ṣí. Iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kọ static sí, ọ̀rọ̀ lásán nìkan ni a sì lè fi rán an. Èyí kì í ṣe ìnira lásán: ohun tí ó bá fẹ́ kọjá láti yàrá kan sí èkejì, yálà kí á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni, tàbí kí ó rán alárinà.

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò darí ApplicationBase sí àpò mìíràn, yóò sì gbàgbé pé inú àpò àtijọ́ ni fáìlì tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà wà nínú rẹ̀ wà. Yàrá tuntun yóò wá a, kò ní rí i, ìṣípayá náà yóò sì já sí pàbó. Lẹ́yìn tí yàrá bá sì ti ṣí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àfi kí á pa á tì, kí á dá òmíràn.

Pípa yàrá tì náà ní ìwúlò tirẹ̀. Fáìlì ètò kan ṣoṣo kò ṣeé yọ kúrò bí ó bá ti wọlé. Odindi yàrá ni ó gbọ́dọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ògiri pákó ni ògiri yìí. Láti ẹ̀dà 2.0 ni àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò mú nínú yàrá kan ti lè wó gbogbo agbo ilé. Nígbà tí .NET Core dé ní ọdún 2016, àyè láti dá yàrá tuntun kò sí nínú rẹ̀ mọ́. AssemblyLoadContext ni ó rọ́pò rẹ̀ fún kíkó ètò wọlé, àti fún yíyọ ọ́ kúrò láti ọdún 2019. Kì í sì í ṣe ògiri rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ààbò gidi gbọ́dọ̀ kọ́ agbo ilé mìíràn.