Ìkòkò Mímọ: Kí Á Tó Yá Owó Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àwọn kan nínú wa tí ọjà wọn dẹ̀, àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ń bèèrè bóyá àwọn lè yá owó fi mú ìkòkò mímọ ṣe iṣẹ́ kejì. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí.

Kò jìnnà sí wa. Wọ́n ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù, ní Ọ̀ṣun wa níbí. Ẹni tó bá sì gba Ọ̀fà dé Ìlọrin, yóò bá àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada àti Òkèlele.

Amọ̀ ni ìpìlẹ̀. A ó wà á, a ó ṣa òkúta inú rẹ̀, a ó gún un, a ó fi omi pò ó. Àwọn mìíràn a máa gún àpáàdì mọ́ ọn kí ó má baà sán. A ó tẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn ògbólógbòó ìkòkò, a ó máa yí amọ̀ bí okùn lé e, a ó sì fi ewé tútù tàbí ṣùkù àgbàdo dán an.

Gbígbẹ àti sísun ló ń jẹ owó. Abẹ́ ibòji ni kí ó ti gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ tí a fi kó igi àti koríko lé e, tí a tiná bọ̀ ọ́, omi yẹn yóò hó, yóò wá ọ̀nà jáde, ìkòkò á sì bẹ́ gbàù.

Ní ti títà, ike àti ìkòkò onírin ti gba ọjà ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ra ìkòkò àgbo, ìkòkò òdòdó àti àmù. Ara àmù a máa làágùn. Bí òógùn yẹn ti ń gbẹ ni omi inú rẹ̀ ń tutù.

Ẹ wo Ladi Kwali. Ó ti mọ àmù mọ ní ìlú rẹ̀, Kwali, kí ó tó wọ ilé ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja, tí à ń pè ní Suleja báyìí, ní 1954. Ó kọ́ iṣẹ́ tuntun níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ sílẹ̀. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí á kọ́ iṣẹ́ ná, kí á tó yá owó. Ẹ lọ bá àwọn àgbà amọ̀kòkò. Ẹ sun ìkòkò tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ka iye tó fọ́ àti iye tó yè, ẹ kọ iye tí ẹ tà á, kí ẹ wá mú ìṣirò náà wá fún ìgbìmọ̀. Ìkòkò lè fọ́, ẹ̀yáwó kì í fọ́. Bí ẹ kò bá rí i san, ọrùn onídùúró ló ń bọ́ sí.

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó wá rí wa lọ́jọ́ ìpàdé. Ọjà á tà o.