Òótọ́ àbí irọ́? Ilẹ̀ tútù lè mú ilé gbóná

“Ilẹ̀ tí yìnyín bò kò ní ooru kankan nínú.”

Irọ́ ni. Òtútù ìlú Muncie ní ìpínlẹ̀ Indiana, l’Amẹ́ríkà, a máa wọ egungun lọ, àmọ́ bí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, yóò bá a ní nǹkan bíi 12°C, ì báà jẹ́ ìgbà òtútù tàbí ìgbà ooru. Èédú ni Yunifásítì Ball State tó wà níbẹ̀ ń jó tẹ́lẹ̀ kí ilé lè móoru. Ní 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tó lé ní 3,000 láti máa fa ooru inú ilẹ̀ wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀ ju 100 mítà lọ. Nígbà tó fi máa di 2014, wọ́n ti jáwọ́ nínú èédú.

“Omi gbígbóná ni wọ́n ń fà jáde, bíi ti Ìkógosí.”

Irọ́ ni. Omi inú páìpù tí wọ́n kì bọ inú ihò náà ló ń lọ tó ń bọ̀, kò kan ilẹ̀. Ó ń lọ ní tútù, ó ń fi ooru díẹ̀ bọ̀, ẹ̀rọ á sì gba ooru náà, á mú kó gbóná sí i. Ẹ gbé ọwọ́ sẹ́yìn fíríìjì yín: púpọ̀ nínú ooru tí ẹ kàn níbẹ̀, inú fíríìjì náà ló ti wá. Iṣẹ́ kan náà ni.

“Kì í jẹ iná mànàmáná.”

Irọ́. Ó ń jẹ ẹ́, àmọ́ fún ìwọ̀n iná kan, ooru ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń kó wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo ni hítà oníná lásán ń mú wá.

“Ooru ilẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan.”

Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ihò bá kéré, tàbí tí wọ́n fún mọ́ra jù, tí a sì ń gbà lọ́dọọdún láì dá nǹkan kan padà, ilẹ̀ á máa tutù sí i, ẹ̀rọ á sì máa jẹ iná sí i. Ibi tí Ball State ti wú mi lórí jù lọ nìyẹn: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru tí wọ́n bá gbá kúrò nínú ilé, inú ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń dà á padà sí.

“Owó gọbọi ló ń ná ni.”

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ló ń gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń fi £7,500 ran onílé lọ́wọ́ ní England àti Wales láti oṣù Ọ̀wàrà 2023. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ nílé níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra bọ́ílà gáàsì mìíràn, ẹ jẹ́ kí agbẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ wá wo àgbàlá yín.