Ẹ Bi Bátìrì Léèrè Kẹ́ Ẹ Tó Ra Inverter

Ọkọ̀ tó wá kó gàrí ní Ìgàngán kì í sábà padà lọ́jọ́ tó dé. Bí ẹrù ò bá tíì pé tí ilẹ̀ fi ṣú, inú ọkọ̀ ni dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ ń sùn, kí wọ́n lè jí gba ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì forí lé Èkó. Ooru ń mú, ẹ̀fọn ń jẹ, fóònù ti kú. Ohun tó ń gbé dírẹ́bà dé ìdí inverter nìyẹn. Wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń wò rà. Bátìrì ọkọ̀ lèmi máa kọ́kọ́ wò.

Iná bátìrì, ojú kan ló ń lọ, kì í ṣẹ́rí padà. Iná NEPA tí fáànù ilé ń lò ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ sì tó fóòtì 230. Inverter ló ń sọ tàkọ́kọ́ di èkejì: á gbé fóòtì kékeré ga, á sì mú kí iná máa lọ kó máa bọ̀. Èyí tó fúyẹ́ ń ṣe é nípa títan iná àti pípa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó wúwo ní transifọ́mà onírin ńlá nínú, òun ló sì máa ń fara da ohun tó ní mọ́tò jù. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá fà láti inú bátìrì, bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń di ooru lásán. Ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ má tì í sábẹ́ tìmùtìmù.

Fóòtì mélòó ni ọkọ̀ yín? Ọ̀pọ̀ DAF, MAN àti Mercedes tó ń kẹ́rù jẹ́ fóòtì 24, bátìrì méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn. Mack tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ 12. Inverter fóòtì 12 ló pọ̀ lọ́jà, nítorí náà àwọn kan ń rà á, wọn a sì so ó mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú bátìrì méjèèjì. Á ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ alternator tó ń fi iná kún bátìrì ò mọ̀ pé ẹnì kan ti fà lára ọ̀kan. Bí ẹni ń fún ìbejì lóúnjẹ ló ṣe ń fún àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa ọ̀kan, èkejì ti yó. Èyí tí ẹ ń fà lára rẹ̀ ò ní kún mọ́ láé, omi inú èyí tó yó á máa hó gbẹ. Láìpẹ́, méjèèjì á bàjẹ́. Inverter fóòtì 24 ni kí ọkọ̀ fóòtì 24 lò, ìbáà wọ́n ju ti fóòtì 12 lọ.

Bí ẹ bá ti mọ fóòtì, ẹ ṣírò áńpíà, torí òun ló ń jó wáyà. Kẹ́tù wáàtì 1500 ń fa nǹkan bí áńpíà 140 lára bátìrì fóòtì 12, àti bí 70 lára ti fóòtì 24. Fíùsì ihò sìgá tó wà nínú ọkọ̀ kì í sábà ju áńpíà 10 sí 15 lọ. Ohun kéékèèké bíi fóònù àti gílóòbù ni ihò yẹn wà fún. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ gba wáyà tó nípọn, tó kúrú, tó ti orí bátìrì wá tààrà, kí fíùsì tirẹ̀ sì wà nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter. Bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà tó sì kan irin ọkọ̀, fíùsì yẹn nìkan ló dúró láàárín yín àti iná.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò òru kan. Fáànù wáàtì 40, gílóòbù 10, fóònù méjì 20: wáàtì 70 fún wákàtí mẹ́jọ. Bí a bá ka èyí tó di ooru mọ́ ọn, bíi áńpíà-wákàtí 27 ni lára fóòtì 24. Bátìrì méjì tó jẹ́ áńpíà-wákàtí 150, tí a so tẹ̀lé ara wọn, 150 náà ló ṣì jẹ́, kì í di 300. Ẹ ò tíì jẹ ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ fi fíríìjì kékeré kún un, ó ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Bátìrì tó ti gbó ò sì ní tó 150 mọ́, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sí i lára.

Fíríìjì ní tirẹ̀ tún ní wàhálà mìíràn: èyí tí wọ́n kọ wáàtì 100 sí lè béèrè 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Fún un àti fún fáànù, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára. Lórí èyí tó dínwó, tí wọn ò kọ ọ́ sí, fáànù á máa kùn, mọ́tò á máa gbóná. Ká sòótọ́, fáànù, gílóòbù àti fíríìjì tó ń lo fóòtì 12 tàbí 24 tààrà wà lọ́jà. Àwọn lèmi ì bá kọ́kọ́ rà, kí inverter ó wá kéré.

Ọ̀pọ̀ inverter ń gé iná fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá sọ̀ kalẹ̀ dé 10.5 lórí fóòtì 12, tàbí 21 lórí 24. Nígbà tó bá fi dé ibẹ̀, bátìrì ti ṣófo, kò lè ta ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí inverter yín bá gbà kẹ́ ẹ yí i, ẹ gbé e sókè sí 12 tàbí 24. Bí kò bá gbà, ẹ fi mítà sórí bátìrì kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ sì pa inverter fúnra yín bó bá ti sún mọ́ 12 tàbí 24.