Ilẹ̀ Àpáàdì: Ìwé Ìlàlóye fún Onílẹ̀ àti Bíríkìlà ní Ilé-Ifẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ wà nínú àfonífojì tí òkè yí ká, tí àwọn odò kéékèèké sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, Ẹ̀sìnmìrìn tí ìtàn Mọ̀remí sọ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé kí Odùduwà tó so ìlú náà pọ̀ di ọ̀kan, ẹlú mẹ́tàlá ni ó wà ní àfonífojì yìí, ẹlú sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìletò tí ó dá dúró, tí ó ní olórí àti òrìṣà tirẹ̀; Ìdèta, Ìjùgbẹ̀, Ìwìnrìn àti Parakin wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́ títí di òní. Ẹni tí ó bá ń wá ilé àwọn ará ìgbàanì wọ̀nyí, tí ó ń retí ògiri àti òrùlé bíi ti àwọn ìlú tí wọ́n fi òkúta kọ́, yóò padà lọ́wọ́ òfo. Abẹ́ ẹsẹ̀ ni ilé Ifẹ̀ àtijọ́ wà, ohun tí ó sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tò.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri nígbà náà, ìpele kan lórí èkejì, tí wọn yóò jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ewé bíi gbòdògì ni wọ́n sì fi ń bo òrùlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tutù, ó sì lè pẹ́ gan-an bí òrùlé rẹ̀ bá wà ní pípé, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ tí òjò bá ti rí orí rẹ̀ kì í pẹ́ di òkìtì. Ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sì lé àwọn ará Ifẹ̀ kúrò nílùú lẹ́ẹ̀mejì: ní 1849, àti ní 1882, tí wọn kò padà wọlé títí di 1894. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò bò, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ fún ọdún méjìlá, kò lè dúró de onílé.

Ilẹ̀ àpáàdì nìkan ni òjò kò rí gbé ṣe. Bí ilé Yorùbá ti rí ni yóò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yéni: yàrá yí àkòdì ká, àkòdì sì ni àgbàlá tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láàárín ilé, tí òrùlé gbogbo dà sí, débi pé bí òjò bá rọ̀, ojú kan náà ni ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ìyẹn omi tí ń ṣàn láti etí òrùlé, yóò máa gbẹ́ lójoojúmọ́. Láti dá ògbàrá yìí dúró, wọ́n kó àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, wọ́n sì rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti gún le, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀ bí kò ṣe ní ìdúró, etí sí òkè, ọ̀kan ti èkejì pinpin, tí ó fi jẹ́ pé etí tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tún wọ inú rẹ̀, nítorí pé àwọn kan to ìlà rẹ̀ ní títọ́, àwọn mìíràn tò ó bí egungun ẹja, wọ́n sì ń fi òkúta wẹẹrẹ funfun la ìlà àpáàdì náà láàárín.

Àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí ń fi ohun tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ tọpinpin ìtàn, ti hú irú ilẹ̀ yìí jáde ní ọ̀pọ̀ ibi. Peter Garlake rí i ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Wóyè Àsírí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n rì sínú rẹ̀ ní àgbàlá. Ní Làfogídò, níbi tí Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ ní 1969, wọ́n rì ìkòkò yí etí ilẹ̀ àpáàdì onígun mẹ́rin ká, ọmọrí wọn sì jẹ́ orí ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Èédú tí wọ́n bá ní irú ibi wọ̀nyí ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí wọn, nítorí pé láti ọjọ́ tí igi bá ti kú ni èròjà kan nínú rẹ̀ ti ń dín kù ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ àpáàdì náà bọ́ sí nǹkan bí ọdún 1200 sí 1500. Àpáàdì fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: èyí tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí lára kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé.

Ìtàn Ifẹ̀ fi iṣẹ́ yìí fún Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba, tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ, tí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n to ojú ọ̀nà. Kò sí ìdí láti fi ìmọ̀ awalẹ̀pìtàn ta ko ìtàn yìí, nítorí pé àgbàlá àti ọ̀nà jọ gba àpáàdì, ìrántí obìnrin tí ó tún ìlú ṣe sì níye lórí púpọ̀.

Ewu tí ó dojú kọ ilẹ̀ àpáàdì lónìí ju ti òjò àti ogun lọ, nítorí pé ibi tí ìlú àtijọ́ wà gan-an ni ìlú òde òní wà. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn. Àwọn lébìrà tí ń tẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kan ère Ọọ̀ni ní Ìta Yemòó ní 1957, tí Frank Willett fi wá wa ibẹ̀. Ní Ìta Yemòó yìí, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì ké sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àpáàdì tí wọ́n fọ́ tí wọ́n pò mọ́ kọnkéré ti lọ títí láé, nítorí pé àpáàdì tí wọ́n bá ti tú kúrò ní ìtò rẹ̀ ti di àfọ́kù lásán, kò lè sọ ibi tí ilé wà tàbí ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí mọ́.

Ní Ìta Yemòó, wọ́n fi òrùlé bo ilẹ̀ àpáàdì kan fún àwọn àlejò láti wò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, tí ó ṣí ní 1954, wà ní Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, abẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀ ni ó sì wà. Òfin kan náà ni ó ka wíwa ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ léèwọ̀.

Bí ọkọ́ bá kan àpáàdì tí ó wà ní ìtò, kí bíríkìlà dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, kí ó má fà á tu, kí ó má sì fọ̀ ọ́. Kí onílẹ̀ fi ọ̀rá tàbí páànù bò ó nítorí òjò, kí ó sì ránṣẹ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwá lọ́jọ́ náà gan-an.