Bí Láptọ́ọ̀pù Kò Bá Rí SSD Tuntun

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹni tí ó fi owó gidi ra SSD, tí ó fi í sínú láptọ́ọ̀pù, tí ẹ̀rọ náà wá ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tuntun kankan nínú òun. SSD ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Ti àtijọ́ ní àwo tí ń yí birí. Èyí kò ní ohun tí ń yí rárá, ìdí nìyẹn tí ó fi yára. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ọ̀fà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Òótọ́ ni pé gbogbo ayé mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì di ọlọ́jà mú. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn.

Èkíní: ṣé irú èyí tí láptọ́ọ̀pù yín ń lò ni ẹ rà? SSD pẹlẹbẹ tí à ń pè ní M.2 pín sí oríṣi méjì, SATA àti NVMe. Ẹ wo ojú irin wa. Èyí tí ó gba Ọ̀fà kọjá láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, milimítà 1067 ni àárín irin méjèèjì. Èyí tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, milimítà 1435 ni. Rélùwéè ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ihò M.2 tí ó mọ SATA nìkan kò ní rí NVMe, bí ó tilẹ̀ wọ ibẹ̀. Ìwé tí ó bá láptọ́ọ̀pù wá yóò sọ èyí tí ó gbà.

Èkejì: ṣé ó jókòó dáadáa? Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú bátìrì inú rẹ̀. Ẹ yọ SSD náà, ẹ tún un kì bọ ihò ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi wọlé tán, ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì de nọ́ọ̀tì kékeré rẹ̀. Ẹ má fi agbára ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta: ta ni kò rí i? Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F2 tàbí Delete kí Windows tó jí. Bọ́tìnì mìíràn ni ẹ̀rọ mìíràn ń lò. BIOS ni yóò ṣí. Òun ni í ka ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ, bí baálé tí ń ka àwọn ọmọ lálẹ́. Bí BIOS bá dárúkọ SSD, kò tíì kú. Windows ni kò rí àyè lò nínú rẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí a kò tíì wọ̀n ni. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ X, ẹ mú Disk Management. Bí ó bá béèrè, ẹ yan GPT, nítorí MBR kì í lò kọjá terabáìtì 2. Lẹ́yìn náà, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ àyè tí ó ṣófo, ẹ yan New Simple Volume, kí ẹ sì fún un ní lẹ́tà.

Ẹ ṣọ́ra níbí o! Ibi tí a bá ti ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò pa rẹ́. Ẹ wo bí ó ti tóbi tó, kí ó dá yín lójú pé tuntun ni, kì í ṣe ti àtijọ́ tí iṣẹ́ ọdún méjì wà nínú rẹ̀.

Bí BIOS kò bá rí i ńkọ́? Ẹ gbé e sínú láptọ́ọ̀pù mìíràn tí ó gba irú rẹ̀. Bí ìyẹn bá rí i, ẹ̀rọ yín ni ó ní àlébù. Bí kò bá rí i, ẹ mú SSD náà àti rìsíìtì tọ ẹni tí ó tà á lọ. Ẹ̀rí ni ẹ mú lọ nígbà náà, kì í ṣe ìjà.