Gìtá ọmọ yín ń kùn bí oyin? Ẹ má jẹ́ kó gé wáyà ẹ́ẹ̀tì o!

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ẹ ń gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ yín, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, inú ilé ìyá mi ní Muṣin ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin àbúrò mi kan wà lọ́dọ̀ ìyá wa níbẹ̀ tó fẹ́ràn gìtá ju oúnjẹ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí kò rówó ra gbogbo ohun èlò tó yẹ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní preamp. Ohùn tó ń ti ara gìtá jáde máa ń kéré gan-an. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni pé kó gbé ohùn náà sókè díẹ̀ kó tó dé inú áńpù, ìyẹn àpótí tó ní sípíkà. Inú ike bọ́tà tó ti ṣófo lọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ń kùn. Hùn-ùn-ùn, bí oyin inú ihò igi. Ìyá wa ò lè gbọ́ rédíò mọ́. Màmá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lo gbé wọlé fún mi ni?” Ni ọ̀rẹ́ ọmọ náà kan bá gbà á nímọ̀ràn pé kó tú púlọ́ọ̀gì áńpù, kó gé wáyà ẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ó gé e, kíkùn náà sì lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Inú gbogbo wọn dùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá ń fi àkísà tútù nu eruku ara áńpù náà, àfi bó ṣe fa ọwọ́ yọ tó kígbe. Ó ní nǹkan ta òun lọ́wọ́ bí ìgbà tí kòkòrò bá géni jẹ. Iná ni. Ọpẹ́lọpẹ́ bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì gan-an?

Bí ẹ bá wo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó gùn jù ni ti ẹ́ẹ̀tì. Òun ló so ara irin ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. Bí wáyà iná bá já nínú ẹ̀rọ, tó sì kan ara irin rẹ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì ni yóò gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀, fíúsì yóò sì jó kó tó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Bí wọ́n bá ti gé e, iná náà yóò dúró sára irin, yóò máa retí ọwọ́ èèyàn.

Ti onígìtá tún burú ju ti ẹni tó ń lọ aṣọ lọ. Wáyà ni wọ́n fi so okùn gìtá mọ́ ara irin áńpù. Ohun tó bá wà lára áńpù yóò wà lára okùn, ọwọ́ méjèèjì lọmọ sì fi ń di okùn náà mú. Bó bá wá fara kan nǹkan mìíràn tó kan ilẹ̀, bíi maikirofóònù, àárín ara rẹ̀ ni iná yóò gbà kọjá.

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, wà lórí ìtàgé ní ìlú Swansea, nílẹ̀ Wales. Ó fọwọ́ kan maikirofóònù tí wọn ò so mọ́ ilẹ̀ dáadáa, ó sì kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, Keith Relf, ẹni tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ Yardbirds tẹ́lẹ̀, ń ta gìtá nínú ilé ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí iná gbé e. Òun náà kú. Wọn ò so gìtá rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kí ló ń fa kíkùn náà?

Iná tí à ń pè ní iná NEPA títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2013 ni wọ́n ti pín in fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, kì í dúró sójú kan. Ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gbogbo wáyà inú ògiri, bọ́ọ̀bù àti ṣájà fóònù ló ń tú díẹ̀ lára rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé pọ̀ lábẹ́ okùn gìtá yóò gbá a mú bí ìgbà tí eriali rédíò bá mú ohùn. Preamp ò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti ariwo. Ohun tó bá gbọ́ ló ń gbé sókè.

Bí a ṣe wá ibi tó ti ń kùn

Mo ké sí bàbá kan ní Yábàá tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá náà ṣe ni pé ó dá wáyà ẹ́ẹ̀tì padà sínú púlọ́ọ̀gì. Ó ní, “Kíkùn kì í pa èèyàn. Ohun tí ọmọ yìí gé ló ń pa èèyàn.” Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan:

Ó yọ preamp àti gìtá kúrò, ó tan áńpù nìkan. Kò kùn. Ìyẹn ni pé áńpù kọ́ ló jẹ̀bi.

Ó so preamp mọ́ ọn láìsí gìtá. Ó ń kùn. Ó yọ adápítọ̀ tí preamp fi ń jẹ iná, ó fi bátìrì fóòtì mẹ́sàn-án sí i. Kíkùn náà dín kù gan-an. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ nìyẹn: adápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú náà ò sẹ́ iná dáadáa.

Ó so gìtá mọ́ ọn. Kíkùn tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń lọ sílẹ̀ bí ọmọ náà bá ti fọwọ́ kan okùn. Bàbá tú orí wáyà gìtá wò. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan láàárín tó ń gbé ohùn, èkejì tó hun bo ti àárín bí aṣọ, tó ń dáàbò bò ó. Èyí tó hun bò ó yìí ti já. Ó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ padà.

Ó kó preamp kúrò nínú ike bọ́tà, ó kó o sínú agolo bísíkíìtì, nítorí ike ò lè dá ariwo dúró, irin ló lè dá a dúró. Ó ha ọ̀dà inú agolo náà kúrò lójú kan, ó sì kó gbogbo wáyà tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétífù bátìrì jọ síbẹ̀. Ó wá fi páálí tẹ́ ìyókù inú agolo kí wáyà mìíràn má baà kan irin.

Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n gbé fóònù àti ṣájà jìnnà sí i. Ìwọ̀nba ṣìì kékeré ló kù. Ìyẹn ò burú, kò sí ẹ̀rọ tí kì í ní in. Wáyà ẹ́ẹ̀tì sì wà níbi tó yẹ kó wà.

Ohun tí ẹ̀yin òbí lè ṣe

Ẹ tan ẹ̀rọ ọmọ yín pa, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ wá wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kẹta bá ti kán, tàbí tí wáyà ẹ́ẹ̀tì ò sí nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n yéé fi ìdérí bírò ti ihò ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé.

Ẹ jẹ́ kí preamp tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máa lo bátìrì nìkan. Kì í jẹ bátìrì púpọ̀, kò sì lè gbé ọmọ. Bí ẹ̀rọ tó ń lo iná bá ju ẹyọ kan lọ, kí gbogbo wọn wà lára ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan náà tó ní ẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá pín káàkiri ara ògiri, àwọn wáyà ẹ́ẹ̀tì wọn lè máa fa ariwo láàárín ara wọn.

Kí ọmọ má tú inú áńpù fúnra rẹ̀. Iná lè wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ sì pe oníná tó mọṣẹ́ kó yẹ ẹ́ẹ̀tì ilé yín wò, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ní ihò ẹ́ẹ̀tì lára ògiri tí kò sí irin kankan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún un. Bí owó bá wà, kó fi ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ sí i, èyí tó ń já bí iná tó ń ṣìnà bá ti tó 30 mílíáńpù.

Bí iná bá gbé ẹnikẹ́ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Ẹ pe 112 tàbí 767 ní Èkó. Kódà bó bá ní ara òun ti yá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ o. Ní 1949 ni Àyìndé Bakare gbé gìtá tó ń lo iná wọ inú orin jùjú, ẹ sì mọ ibi tí jùjú ti dé láti ìgbà náà. Ọmọ tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe preamp lè kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Yaba Tech lọ́la. Ohun tó kù sí ọwọ́ àwa àgbà ni ká rí i pé ó wà láàyè láti débẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa fa jàǹbá sínú ilé wa.